Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Kẹrin

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó sì gbọ́dọ̀ jáde báyìí. Èmi Ràsáàkì, ọkọ Àwáwù, ẹni tí gbogbo yín mọ̀ sí Ràsáàkì oníláàbù, ni mo jókòó tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni òní. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo wa máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpàpó láti wo Ìyá Àdìjátù, tí wọ́n ní kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ka ìwé yìí sí etí rẹ̀ àti sí etí ẹ̀yin ará ilé Ládòkun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí mo bá ní kí n kàn la ẹnu sọ ọ́, bí mo bá ti fojú kan Àwáwù ni màá yí ohùn padà, tí màá tún fi ẹ̀bi náà síbi tí mo fi í sí láti ọdún mẹ́wàá wá. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo ti fa ìwé méjì ya. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé obìnrin yẹn lè kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń bà mí ju tiyín lọ.

Ẹ̀yin àgbà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Ládòkun, bàbá ìyàwó mi, fẹ́ obìnrin méjì. Àdìjátù ọmọ Ìpàpó ni ìyáálé. Abíọ́nà ni ìyàwó kékeré, òun ló bí Àwáwù. Lọ́dún 1978, mo ti ṣe ìdána Àwáwù, ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n so yìgì wa, nígbà tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ti ń yọ Abíọ́nà lẹ́nu fún ọdún méjì di ohun tí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí kò mu láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, èmi tí mo pe ara mi ní òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá bá a ra ìgò méjì. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ni mo tó gbé e lọ sí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọsibítù kékeré kan lọ́nà Àgọ́-Àrẹ tí wọ́n ti tì pa báyìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà Mákindé fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní jẹjẹrẹ ni, pé inú ìfun ńlá ló wà, òun ló sì dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó sì rán ẹnu ìfun méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ló pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ràsáàkì, gbọ́ mi dáadáa. Rírán yẹn lè tú. Bó bá máa tú, bí ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ikùn tó le, kí obìnrin náà tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti mọ̀. Àwọn funfun inú rẹ̀, àwọn tó ń bá àrùn jà, á pọ̀ sí i. Àràárọ̀ ni kó o máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó o kà wọ́n, kó o mú iye wọn wá bá mi.” Èmi nìkan ni oníláàbù tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí, kí n tẹjú mọ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí n máa ka àwọn funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú ìlà kan dé òmíràn. Màá tún fa ìyókù sínú gíláàsì gbọọrọ kan, màá gbé e dúró fún wákàtí kan láti wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe rọ̀ sílẹ̀ tó. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí apá tí mo di rọ́bà mọ́ tí n kò rí iṣan níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò ná. Abíọ́nà ni ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìdána. N kì í wò ó lójú. Bó bá ń jẹun, n kì í wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni yẹn ni mo wá ń gún lábẹ́rẹ́ láràárọ̀. Màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì wọ́ọ̀dù, màá ní, “Ẹ kú àárọ̀, Ìyá, ẹ má bínú sí mi,” kí n tó dìde mú sìríǹjì. Àwọn aláìsàn yòókù fi mí ṣe ẹ̀rín títí. Ìyá àgbà kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ní, “Àna tó ń gbé iṣu wá la mọ̀, a ò tíì rí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ.” Abíọ́nà náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó sì di ikùn rẹ̀ mú nítorí ìrora.

Lọ́jọ́ kìíní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iye tí mo kà jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá. Dókítà ní kò burú, ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló fà á. Lọ́jọ́ kejì ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, inú gbogbo wa dùn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gún un kí n tó rí ẹ̀jẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ kò sì ké. Mo kà á, ó ti padà di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Dókítà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ti ọ̀la ni mò ń dúró dè. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìbàdàn, ọ̀la ló yẹ kí n lọ. Bí iye ọ̀la bá ju tòní lọ, mi ò ní lọ mọ́, màá tún ikùn rẹ̀ ṣí. Bó bá wálẹ̀, a máa jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́kọ díẹ̀díẹ̀.” Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. N kò lè sọ lónìí pé n kò mọ ohun tí iye yẹn wà fún.

Ọjọ́ kẹrin bọ́ sí Jímọ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n ti dúdú níbi tí mo ti gún wọn, kò sí iṣan kan tó ṣeé rí mọ́. Sístà Olúwaṣọlá, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wò ó, ó ní, “Gbà á láti ìdí itan,” ó sì sáré lọ sọ́dọ̀ aboyún kan tí ìbejì rẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀. Ó wá ku èmi àti ìyá ìyàwó mi nínú aṣọ ìkélé. Mo dúró síbẹ̀, òógùn bò mí. Abíọ́nà ti gbọ́ ohun tí Sístà sọ. Ó di ìró rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ní, “Ọkọ Àwáwù, ṣé itan mi lo fẹ́ ṣí? Ojú wo ni màá fi wò ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù yìí gbé mi délé.” Mo ní, “Mo ti gbọ́, Ìyá.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jáde. Mo lè dúró de Sístà. Mo lè tọ dókítà lọ pé n kò lè ṣí aṣọ ìyá ìyàwó mi, kí ó bá mi gbà á. Á bú mi, á sì gbà á, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ìyá ìyàwó ti dì mí lẹ́nu, ojú sì tún ń tì mí láti sọ pé èmi Ràsáàkì kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà.

Mo dé láàbù pẹ̀lú ìgò òfìfo tí mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé Sístà máa ń yọjú wo ibi tí a ń to ìgò sí, bí kò bá sì rí ti Abíọ́nà, á béèrè. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi eyín fa rọ́bà mọ́ apá òsì ara mi, mo gún un, mo fa ẹ̀jẹ̀ tó kún sìríǹjì, mo sì tú u sínú ìgò náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, Abíọ́nà Ládòkun. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀la kò jìnnà, pé màá jẹ́ kí Sístà gba tòótọ́ lọ́la, pé ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè pa èèyàn. Mo kà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo tún un kà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà ni. Iye náà kì í ṣe irọ́, iye tó yẹ kó wà lára ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó jẹ iyán yó lánàá ni.

Dókítà Mákindé gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Ó ní, “Ó wálẹ̀ tó báyìí? Ṣé o kà á dáadáa?” Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, sà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká, ó ní, “Ìyá ìyàwó ẹ lágbára o.” Ó wọ mọ́tò, ó sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Mo dúró títí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń sọ fún mi pé kí n sáré tẹ̀ lé e, n kò sáré. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn Àwáwù gbé omi wá fún ìyá rẹ̀, ó rí òwú tí mo lẹ̀ mọ́ apá mi, ó ní, “Kí ló ṣe yín lápá?” Kí n tó ronú, mo ní, “Mo fún Ìyá lẹ́jẹ̀ ni.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Àwáwù, kò sí ẹni tó wọ ilé wa tí o kò sọ fún pé ọkọ rẹ fún ìyá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá ń sọ ọ́ ni mo máa ń dìde jáde, o sì rò pé ojú ló ń tì mí nítorí ìyìn.

Ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́ tán nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Sístà Olúwaṣọlá wá bá mi ní láàbù. Ó ní, “Ràsáàkì, ara ìyá yìí ń gbóná, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ká tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn?” Ọlọ́run ló rán obìnrin yẹn sí mi, n kò mọ̀. Bí a bá tún un gbà, iye rẹ̀ á ju ti àná lọ, wọ́n á sì bi mí bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ṣe di nǹkan mìíràn láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Mo ní, “Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ yẹn, Sístà, ó mọ́. Ibà ni.” Ó wo ìgò náà. Ó ní, “Lóòótọ́, ó tiẹ̀ pọ́n ju ti ìjẹta lọ.” Ó lọ fún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe pa á láṣẹ.

Ìyá Àdìjátù ló gbé ẹ̀kọ náà wá. Ẹ̀kọ ọkà bàbà ni, ó gbé e sínú fúláàsì, ó ti sè é láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo rí i bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí síbí kó tó gbé e sí orogún rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, “Mu ún, Abíọ́nà, kí n lè rí ẹni bá jà nílé.” Síbí mẹ́rin péré ló mu. Kó tó di ọ̀sán, ikùn rẹ̀ ti le koránkorán, ó ń bì, ó ń pariwo pé iná ń jó òun nínú. Sístà fúnra rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ láti itan rẹ̀. Mo kà á, àwọn funfun náà pọ̀ débi pé wọ́n ń gun ara wọn lójú mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé rírán náà ti tú, àti pé kì í ṣe àárọ̀ yẹn ló tú. Wọ́n rán awakọ̀ sí dókítà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ọ̀sán, Abíọ́nà kú. Dókítà dé ní ìrọ̀lẹ́, a ti sin ín. Ó gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì dání, ti Jímọ̀ àti ti Sátidé, ó wò mí títí, ó mi orí, ó sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Mo ti ń sún ibi tó burú jù síwájú láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Òun ló kàn báyìí. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fìdáù, Ládòkun pe gbogbo ilé jọ. Ó ní, “Ràsáàkì, àwọn èèyàn ń sọ pé oúnjẹ ìyáálé ló pa á. Mi ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà gbọ́. Ìwọ lo mọ ohun tó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Sọ ohun tó o rí.” Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Àdìjátù. Ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni màá gba òun sílẹ̀. Àwáwù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Mo ro ẹ̀wọ̀n, mo ro bí Àwáwù ṣe máa kọ̀ mí, mo sì la ẹnu mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ Sátidé ni mo rí i pé ó bàjẹ́.” Mo lè fi Kùránì búra lórí gbólóhùn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi burú tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò ké. Ó kàn ní, “Ṣùgbọ́n èmi náà mu nínú ẹ̀kọ yẹn, Ràsáàkì.” Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sí ọkọ̀ Ìpàpó, ìyá tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ, èmi ni mo sì bá wọn gbé àpótí rẹ̀ sókè.

Mo fẹ́ Àwáwù. A bí ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀rù kò fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹnì kan bá pè mí láti ẹ̀yìn, mo máa ń rò pé Sístà Olúwaṣọlá ni. Kò sí ẹ̀kọ ọkà bàbà nílé wa láti ọdún mẹ́wàá, Àwáwù ní òun kò lè gbóòórùn rẹ̀, èmi náà kò sì lè wò ó. Nígbà tí Ládòkun kú, wọn kò jẹ́ kí Ìyá Àdìjátù wọlé ṣe opó, ìta ló ti sunkún ọkọ rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Ìyá Àdìjátù, Ràmọ́nì, fà á lọ́wọ́ wá sílé mi. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti wú, kò lè mí dáadáa. Ó ní òun ti rí i pé òun ń lọ, òun kò fẹ́ gbé ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn dé iwájú Ọlọ́run. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ràsáàkì ọmọ mi, mi ò fi nǹkan sí i, Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o mọ ẹ̀jẹ̀ ló sọ pé ẹ̀kọ mi ló bà á jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń rò ó. Bóyá omi tí mo fi sè é ò hó. Bóyá ọwọ́ mi ò mọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa Abíọ́nà láìmọ̀, dárí jì mí.” Àwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́, ó yí ẹ̀yìn padà wọ yàrá. Èmi ńkọ́? Mo fà á dìde, mo ní, “Mo ti dárí jì yín, Ìyá.” Ó súre fún mi, ó súre fún àwọn ọmọ mi, ó ń dúpẹ́ títí wọ́n fi gbé e sínú mọ́tò. Mo ti ṣe nǹkan burúkú láyé, n kò tíì ṣe èyí tó dà bí ìdáríjì yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ láàbù lọ́dọ̀ mi, tí ẹ bá wa wá síbí, ẹ ó gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìwé kékeré tí ẹ ń kọ iye sí yẹn ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá kí òun ṣí ikùn èèyàn tàbí kí òun wọ mọ́tò lọ. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò rí i gbà. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ. Àwáwù, n kò mọ ohun tí wàá ṣe sí mi lẹ́yìn ìwé yìí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ mi kankan tó wọ ara ìyá rẹ, ìgò rẹ̀ nìkan ló wọ̀. Ohunkóhun tí o bá sọ, mo gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́, mú ìyá tó wà níwájú wa yìí lọ sílé bàbá rẹ, kó lè kú nínú yàrá rẹ̀.

Ìyá Àdìjátù, ẹ̀kọ yín kò pa ẹnikẹ́ni. Omi yín hó, ọwọ́ yín sì mọ́. Abíọ́nà ti ń kú lọ kí ẹ tó dáná, èmi nìkan ni mo lè mọ̀, èmi ni mo sì fi ẹ̀jẹ̀ ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Ìdáríjì tí mo fún yín níjọ́sí, mo gbà á padà, kì í ṣe tèmi láti fún yín. Bí ẹ bá ní tiyín lọ́wọ́, mo ti dọ̀bálẹ̀, Ìyá. Bí ẹ kò bá sì ní, ẹ jẹ́ kí n wà nílẹ̀ níbẹ̀.